Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ojú omi kan ní Ẹ̀pẹ́: ó wọ́n, ó ń dáni dúró, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì

Ọ̀gá yìí wọ́n. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá ń wá ẹ̀dínwó má wulẹ̀ kà á jìnnà. ₦25,000 ló gbà lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, láìka ohun èlò tí a rà mọ́ ọn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí ṣe." Ó ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yin ni mo ti ń wò láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ n ráyè wo ẹ́ńjìnnì." Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Owó ò sì yí padà.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí lónìí pé ta ni kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì tó ń kú lójú omi lọ bá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, òun náà ni n ó júwe fún yín. Mo ti náwó fún àwọn mìíràn kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì mọ ìyàtọ̀. Kò gbà kí n kọ orúkọ òun tàbí nọ́ńbà òun síta. Ó ní iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti ju ọwọ́ òun lọ. Ẹni tó bá dé etí omi Ẹ̀pẹ́, kó béèrè bàbá tó ń fi ìgò wo epo. Wọ́n á mú un débẹ̀.

Ẹja ni mo ń tà ní ọjà Olúwo. Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja tó wà káàkiri Ọ̀sà Lẹ́kì títí dé ọ̀nà Ìwópin ni mo ti ń kó ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà àti àrọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀ fún mi. Ọkọ̀ fáíbà ni, Yamaha 40 ló wà nídìí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì onípísítìnì méjì tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, irú èyí tó kún etí omi káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé. Ó ń pariwo, ó ń mu epo, èéfín rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó lágbára, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló mọ inú rẹ̀, ohun èlò rẹ̀ kì í sì í ṣòro rí. Ẹ̀bi ẹ́ńjìnnì náà kọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ẹ ó ṣe rí i.

Ó ń kú. Kì í kú ní etí omi o. Ní jẹ́tì, ẹ fa okùn báyìí, ó ti jí, ohùn rẹ̀ dán, omi ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. A ó kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí a bá dé àárín ọ̀sà tí ọmọ náà fún un níná dáadáa, kò ní pẹ́ tí ohùn rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, á wúkọ́, á kú. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ fa okùn, á jí padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ tún fún un níná, á tún kú.

Ẹni tí kì í rìn lójú omi lè máa wò ó pé kí ni ìṣòro ńbẹ̀, ṣebí á tún jí. Atẹ́gùn ọ̀sán lórí ọ̀sà kì í ṣe ohun eré. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọkọ̀ á yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì, omi á máa ta wọlé, ọkọ̀ á sì máa gbá lọ síbi tó bá wù ú, sínú ewéko tàbí sórí igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀. Ìdákọ̀ró la kọ́kọ́ máa ń jù. Àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ fáíbà tí ẹja kún inú rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́? Yìnyín ń yọ́, àwọn oníbàárà mi ń pè láti ọjà pé níbo ni mo dé.

Gbogbo ẹni tí a kọ́kọ́ pè ló ní ohun tó fẹ́ pààrọ̀. Ẹnì kan ní púlọ́ọ̀gì ni. A ra púlọ́ọ̀gì. Ẹnì kan ní kabúrétọ̀ ló dọ̀tí, ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó gba owó. Ẹnì kan ní kí n lọ wá ₦180,000 wá fún CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń darí iná tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì. Ìyẹn ló lé mi. Ohun tó sì jọra nínú iṣẹ́ gbogbo wọn ni bí wọ́n ṣe ń dán an wò: wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sínú dúrọ́ọ̀mù omi létí odò, wọ́n á fa okùn, á jí, á máa dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti dá." Bẹ́ẹ̀ ni ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án! Nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ́ńjìnnì kò gbé ẹrù kankan. Epo tó ń mu kò tó nǹkan. Ohun tó ń pa á kì í yọjú níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá yìí wá ńkọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ìjókòó. Páànù ni wọ́n fi bo ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì kọ́ sórí igi lọ́tùn-ún lósì, ọ́ìlì ti mu ilẹ̀ yó, ẹni tó bá wọ bàtà tó dára lọ síbẹ̀ fọwọ́ fà á ni. A dé lówùúrọ̀, oòrùn ti wọ́ kọjá orí kó tó kàn wá. Ẹni tó bá ṣáájú ẹni ló ń dá lóhùn, kò sí ti pé mo mọ ọ̀gá tàbí mo mọ ìyàwó ọ̀gá. Mo gbìyànjú rẹ̀, mo gbé ọ̀bọ̀kún yíyan dání. Ó gba ọ̀bọ̀kún, ó dúpẹ́, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹni tó ṣáájú mi.

Nígbà tó kàn wá, kò ṣí ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu. Ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó ní kí ọmọ tó ń wa ọkọ̀ wá síwájú. Ó bi í pé, "Bó bá fẹ́ kú, ṣé ó kàn máa ń dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí èèyàn pa iná, àbí ó máa ń rọ díẹ̀díẹ̀?" Èmi ni mo dáhùn. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń wà á." Mo panu mọ́. Ọmọ náà ní ó máa ń rọ. Bàbá ní ó dáa, èyí tó bá kú lójijì, ọ̀nà iná ni a ó kọ́kọ́ wò: wáyà, kọ́ìlì, okùn pupa tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́. Èyí tó bá rọ kó tó kú, epo ni kò tó o.

Ìbéèrè kejì ló tú àṣírí. Ó ní, "Nígbà tó kú, pọ́ǹpù ọwọ́ ńkọ́? Ṣé o fọwọ́ kàn án?" Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, pọ́ǹpù ọwọ́ ni rọ́bà roboto tó wà láàárín ọ́ọ̀sì tó so táńkì pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, òun la máa ń tẹ̀ kí epo lè gòkè kí a tó fa okùn. Ọmọ náà ronú, ó ní òun rántí pé ó máa ń pẹlẹbẹ. Bàbá náà mi orí. Ó wá ṣàlàyé, kì í ṣe fún èmi o, fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo tẹ́tí: bí pọ́ǹpù ọwọ́ bá pẹlẹbẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń kú, ohun kan ló dí epo láti ẹ̀yìn pọ́ǹpù lọ sí ọ̀dọ̀ táńkì, ẹ́ńjìnnì ń fà, kò rí. Bí ó bá le gbagidi tí ẹ́ńjìnnì sì tún kú, epo ti dé ibi tó yẹ kó dé, ẹ lọ wo kabúrétọ̀ tàbí iná. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ tí kò le rárá, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé níbì kan, tàbí fáàfù kékeré inú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí epo padà sẹ́yìn, ti bàjẹ́. Ohun mẹ́ta yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sára ọkọ̀ yín. Àwọn tó gba owó mi ṣáájú, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè pọ́ǹpù ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ló mú ìgò rẹ̀ jáde. Ìgò funfun lásán ni, èyí tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Ó fi ọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ fa epo láti ìsàlẹ̀ pátápátá nínú táńkì wa, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, nítorí náà bí omi bá wà ńbẹ̀, á lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà láàárín wọn kedere. Tiwa ní omi díẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀tí pupa tó ń jó nísàlẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo wa ń ra epo sí, ọ̀rinrin ọ̀sà ń wọ táńkì tí kò kún, òjò ń rọ̀ sórí ọmọrí rẹ̀. Mo rò pé ó ti parí, mo ní, "Omi ló ń pa á nígbà náà." Ó ní rárá. Ó ní omi yìí lè fa ìjọ̀gbọ̀n lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n omi kọ́ ló ń mú kí pọ́ǹpù ọwọ́ pẹlẹbẹ. Ẹ ò rí i pé mẹkáníìkì mìíràn ì bá ti dúró síbẹ̀, á fọ táńkì, á gba owó, a ó sì tún bá ara wa lórí ọ̀sà.

Ó wo ihò atẹ́gùn tó wà lórí ọmọrí táńkì, ìdè kékeré tí a máa ń tú kí atẹ́gùn lè wọlé bí epo ṣe ń dínkù. Ó ṣí sílẹ̀, ó sì mọ́. Ó wá gbé táńkì tirẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé owó mi kò ní ṣòfò. A gbé ẹ́ńjìnnì padà sídìí ọkọ̀, ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ kó àpò yanrìn sínú ọkọ̀ kó lè wúwo bí ìgbà tí a bá kó ẹja, a sì jáde sójú omi. Pẹ̀lú táńkì àti ọ́ọ̀sì tirẹ̀, ọmọ mi fún un níná tán, a lọ, a bọ̀, kò kú. Ó ní kí a pa á. Ó yọ táńkì tirẹ̀, ó fi táńkì tiwa síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ́ọ̀sì tirẹ̀ sílẹ̀. Kò kú. Ó yọ ọ́ọ̀sì tirẹ̀, ó fi tiwa sí i. A kò tíì rìn jìnnà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí pọ́ǹpù ọwọ́, ó ní kí n wá wò ó. Ó ti pẹlẹbẹ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ó wúkọ́, ó kú.

Kò tíì tú ìdè kan lára ẹ́ńjìnnì o.

Nígbà tí a padà sétí omi, ó fi ọ̀bẹ la ọ́ọ̀sì náà ní gígùn. Lóde, ó dára, kò sán, kò ya, èmi gan-an ì bá bá ẹni tó bá ní ó ti bàjẹ́ jà. Nínú, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ ẹ ti ṣí kúrò lára rọ́bà, ó sì rọ̀ sílẹ̀ sójú ọ̀nà epo bí aṣọ ìlẹ̀kùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa epo díẹ̀, epo á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá fà á gan-an, awọ náà á lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà, á dí i pa. Epo tó kù nínú kabúrétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì á fi máa sáré díẹ̀ sí i, tí ìyẹn bá tán, ó di kí ó kú. Bí ẹ bá wá dúró, fífà náà á dẹ̀, awọ á padà sẹ́yìn, epo á tún wá, ẹ́ńjìnnì á jí. Gbogbo ohun tó ń dà wá láàmú nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí dúrọ́ọ̀mù kò fi lè fi hàn, ìdí sì nìyẹn tí púlọ́ọ̀gì tuntun fi dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́: àkókò tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ni ọ́ọ̀sì fi ń sinmi.

Ayédèrú ni ọ́ọ̀sì náà. Ọjà ni a ti rà á, orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sì wà lára rẹ̀. Bàbá gbé ojúlówó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi, ó ní kí n fọwọ́ wọ̀n ọ́n, kí n tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ méjèèjì. Ojúlówó wúwo, pọ́ǹpù rẹ̀ rọ̀, ó sì ń tètè wú padà. Ayédèrú fúyẹ́, ó le. Ọfà kan wà lára pọ́ǹpù, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí, tí ẹ bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e nàró kí ọfà náà wo òkè, epo á tètè gun. Ojúlówó yìí gba ₦42,000 lọ́wọ́ mi, pọ́ǹpù àti ẹnu tó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì lódidi. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí CDI ₦180,000 tí wọ́n fẹ́ kí n lọ rà sí ẹ́ńjìnnì tí iná rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Nítorí omi inú epo, ó ní kí n fi fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀ sáàárín táńkì àti ẹ́ńjìnnì. ₦35,000 nìyẹn pẹ̀lú irin tí wọ́n fi kàn án mọ́ ara ọkọ̀. Mo rojọ́ púpọ̀ kí n tó gbà. Ní báyìí mo lè sọ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ife tó mọ́lẹ̀ kedere wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi àti ìdọ̀tí ń jókòó síbẹ̀, ọmọ mi á tú ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, á gbọ̀n ọ́n sínú agolo. Lásìkò òjò, ohun tó ń jáde níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Àléébù rẹ̀ kan ni pé àárín fílítà náà, èyí tó ń sẹ́ epo, ó ní àkókò tí wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀, kì í sì í pọ̀ lọ́jà Ẹ̀pẹ́. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo máa ń ránṣẹ́ sí.

Ó bá wa wí lórí ọ́ìlì. Ìwé ẹ́ńjìnnì wa ní lítà kan sí 50 lítà epo, ìyẹn ìlàjì lítà fún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Àwọn awakọ̀ wa gbà pé bí ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń pẹ́ láyé tó, ọmọ mi sì ń dà á bí ẹni ń se ọbẹ̀ ọlọ́pọ̀ èrò, ọ́ìlì ọ̀kadà nígbà mìíràn. Bàbá yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi dúdú orí rẹ̀ hàn wá, ó ní ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì ojú omi ni kí a máa lò, kí a wọ̀n ọ́n, kí a má fojú bù ú. Nípa èyí, kò gba kọ́bọ̀.

Ohun mìíràn tí kò gba kọ́bọ̀ lé lórí tún wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń fi hàn pé omi ń tù ú nínú, kò lágbára tó. Mo ní ó ti tán, rọ́bà abẹ̀bẹ̀ tó ń fa omi sókè náà ni kí a tún rà. Ó lóṣòó, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tọ ihò tí omi náà ń gbà jáde, omi kò lágbára sí i. Ó wo ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń gbà wọlé, ó sì fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jáde níbẹ̀, odidi. Ó gbé e fún mi. Ó ní rọ́bà abẹ̀bẹ̀ yín ṣì dára, ẹ padà wá nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, a ó jọ wò ó. Ẹni tó fẹ́ jẹun lára mi ì bá ti tà á fún mi, n ò sì ní mọ̀.

Gbogbo ohun tó yọ lára ẹ́ńjìnnì yín, á kó o sínú ọ̀rá fún yín. Mo ṣì ní ọ́ọ̀sì tí ó là. Mo gbé e lọ fi han ẹni tó ní kí n ra CDI. Ó wò ó, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, mo sọ bẹ́ẹ̀." Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kó àwọn tí kò tẹ́ mi lọ́rùn jọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n fún mi lówó. Dídúró yẹn pọ̀ jù. Ẹni tó ń ta ohun tó ń jẹrà bíi tèmi kò lè fi odidi ọjọ́ ṣòfò, ó sì yẹ kó ní ìwé tó ń kọ orúkọ sí, kí èèyàn mọ àkókò tí òun ó dé. Kì í gbé fóònù. Kò fún mi ní rìsíìtì àfi ìgbà tí mo fárí gá, ó wá kọ ọ́ sẹ́yìn páálí púlọ́ọ̀gì. Epo ìdánwò lórí ọ̀sà, ti oníbàárà ni, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, lílọ-bíbọ̀ lójú omi láìkó ẹja kan bọ̀ ń dun ni dé eegun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ já ìdè ọmọrí ẹ́ńjìnnì wa, ó fi okùn so ó, ó rò pé n ò rí òun. Bàbá rà á padà, lótìítọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo pariwo kó tó mọ̀. Tí ẹ bá sì gbé ohun èlò tí ẹ rà fúnra yín wá, á bá yín so ó, ṣùgbọ́n kò ní gba ẹjọ́ rẹ̀ bó bá bàjẹ́. Èyí kò burú lójú mi. Àwọn kan bínú sí i.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fọ́ pátápátá, tí písítìnì rẹ̀ lẹ̀, n ò mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí níbẹ̀, n ò gbé irú rẹ̀ lọ. Ẹni tó kàn fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tàbí ọ́ìlì ìsàlẹ̀, ẹ lọ bá àwọn ọmọdé tó wà ní jẹ́tì, wọ́n yá, wọn ò sì wọ́n. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ àrùn tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń dá létí omi tó ń kú lójú ọ̀sà, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni.

Láti ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì wa tún kú lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn mi já. Kí n tó ya ẹnu, ọmọ mi ti na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan pọ́ǹpù ọwọ́, ó ní, "Àǹtí, ó pẹlẹbẹ." Ó lọ tààrà sí ọmọrí táńkì. Ẹni tó bá wa da epo láàárọ̀ ti dé ihò atẹ́gùn pa. Ó tú u, a gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe wọlé ṣíìì, pọ́ǹpù wú padà, ó fa okùn, a sì ń lọ. Nígbà kan rí, ibẹ̀ la ó ti ju ìdákọ̀ró, tí a ó máa pe mẹkáníìkì.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé, kó tó di aago méje àárọ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ bí kò bá jẹ́ òwúrọ̀, torí bí wọ́n bá ti lọ kírun, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ gan-an ni kí ẹ mú dání, kì í bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé táńkì àti ọ́ọ̀sì yín lọ bó ṣe wà, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má da epo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù, ìyẹn ló fẹ́ fi ìgò wò. Owó ọwọ́ ni kí ẹ mú lọ, owó tí ẹ bá fi fóònù ránṣẹ́ kì í tètè wọlé níbẹ̀, kò sì ní fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí yóò fi rí i. Kí ẹ sì ní kẹ́ẹ̀gì epo kan lọ́tọ̀ fún ìdánwò, nítorí kò ní fi epo tirẹ̀ wa ọkọ̀ yín.